Ẹrù Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀rù

Ọjọ́ tí Bàbá Gbé-e-kalẹ̀ ní kí ìyá ìyàwó ara rẹ̀ gorí òṣùwọ̀n ni gbogbo àdúgbò gbà pé Bàbá, tó ti di olóògbé báyìí, kò lójú àánú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ìyá àgbà. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ gorí òṣùwọ̀n."

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Rárá o, Màmá. Ewúrẹ́ kì í gbé ìkòkò irin rìnrìn àjò."

Awakọ̀ bàlúù ni Bàbá. Bàlúù ọ̀hún kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èrò fi ń gbọ́ bí awakọ̀ ṣe ń mí. "Gbé e kalẹ̀" ló máa ń sọ fún gbogbo ẹlẹ́rù, ló bá di orúkọ mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ náà, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà ń rọbí lódìkejì òkè, afárá ọ̀nà mọ́tò sì ti wó. Ìyá fẹ́ débẹ̀ kí ọmọ tó wálẹ̀, tòun ti àpò ńlá àti ìkòkò irin tí yóò fi se omi gbígbóná.

Pátákó ẹnu ọ̀nà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, kò fi àmì ohùn kankan sórí ọ̀rọ̀: ẸRU PUPỌ KO GBỌDỌ WỌ BALUU YII. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà wá kà á fún ìyá pé, "Ẹ̀rù púpọ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàlúù yìí."

Ìyá na ẹ̀yìn ró. "Ẹ̀rù? Èmi tí mo bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ kó àpò mi wọlé."

"Ẹrù ni, Màmá," àna rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. "Ẹ bẹ̀rù bó ṣe wù yín, ẹ̀rù kì í wúwo."

"Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sókè ńkọ́? Ìyẹn ni kí o máa rò, fi ìkòkò mi sílẹ̀."

"Wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì wò láàárọ̀ yìí. Alùpùpù tó gbé yín wá, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ẹni tó wà á mọ orin kọ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn èrò á há mọ́ra wọn lórí alùpùpù kan ṣoṣo wá sí pápá, wọ́n á wá máa gbàdúrà nígbà tí wọ́n bá rí bàlúù. Awakọ̀ ní tirẹ̀ a máa fẹsẹ̀ rìn. Aládùúgbò kan bi í pé, "Ìwọ tó ń fò lókè, ilẹ̀ lò ń bẹ̀rù?" Ó ní, "Kò sí ọ̀mùtí tó ń wa nǹkan bọ̀ níwájú mi lókè."

Àwọn aláṣẹ tún ní kí ó máa kọ́ èrò bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi. Omi tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn ni èyí tó wà nínú ike awakọ̀. Ó kọ́ wọn tọkàntọkàn, ó sì padà sídìí òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ìyá àgbà kò gbà bọ̀rọ̀, àfìgbà tí àna rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ̀yin lọmọ yín ń pè, kò pe ìkòkò." Ìyá gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ń ráhùn títí wọ́n fi kọjá òkè. Pápá tí wọ́n balẹ̀ sí kúrú. Etí kòtò gan-an ni táyà dúró sí. Ìyá yọjú wò ó. Ó ní, "Ìkòkò mi ì bá ti wà nínú ìyẹn báyìí. Èmi náà."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń yára lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ló bá wẹ̀yìn. Awakọ̀ ṣì jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan. Ìyá padà, ó di ọwọ́ náà mú títí ó fi rọlẹ̀. Síbẹ̀, ó bá ìrọbí. Ọwọ́ ìyá àgbà ni ọmọ tuntun bọ́ sí.

Awakọ̀ darúgbó, orí ibùsùn rẹ̀ ló sì kú sí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá àgbà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà ayé ìyá, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi òṣùwọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní àna rẹ̀ kò lójú àánú, yóò kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, yóò wá ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹ̀yin ò di ọwọ́ rẹ̀ mú rí."