Èjìká Òsì Sutánà Kan

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a sin télọ̀ tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n ni ìyàwó wọn pè mí sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Peckham, ní London. Sutánà funfun kan ṣì wà lórí máṣíìnì, ó ku etí ìsàlẹ̀ àti bọ́tìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn parí ẹ. Aunty tó ni ín fẹ́ wọ̀ ọ́ wá síbi àdúrà ìrántí wọn ní Sunday."

Mi ò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ìwé àti fídíò ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ pè mí ní télọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Mister Téèpù, o ti wọn afẹ́fẹ́ lónìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ téèyàn ò bá wọ̀n ò lè dọ́gba."

"Ṣé èèyàn ló máa wọ aṣọ ẹ, àbí tábìlì?"

Nílé, mo tẹ́ sutánà náà sórí tábìlì. Ojú rírán mọ́kànlá ló wà nínú ínǹṣì kan, bí ìṣe wọn. Àmọ́ èjìká òsì fi ìdajì ínǹṣì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé àìsàn tó pa wọ́n ló ti gba agbára ọwọ́ wọn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i ní Sunday kó sọ pé ọwọ́ wọn ti bàjẹ́ kí wọ́n tó lọ. Mo tú èjìká náà, mo tú aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ sínú sílẹ̀, mo rán an kó bá ti ọ̀tún dọ́gba, mo parí etí ìsàlẹ̀ àti bọ́tìnì, mo sì lọ̀ ọ́.

Ní Saturday, Aunty tó ni sutánà, tó máa ń pe Ẹ̀gbọ́n ní Daddy, wá sílé mi láti Stockwell. Bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́, aṣọ wú léjìká òsì, ó ká jọ sí abíyá.

"Uncle, kí ló dé? Ọdún méjìlá ni Daddy fi ránṣọ fún mi, kò sí èyí tó ṣe báyìí rí. Àbí mo ti sanra ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo Aunty fúnra wọn. Èjìká òsì wọn ti rọ̀ wálẹ̀. Iṣẹ́ gbígbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti rí i, wọn ò kàn sọ fún Aunty rí. Ṣe ni wọ́n kàn ń rán aṣọ bá èjìká náà mu.

"Ẹ ò sanra, Aunty. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ẹ jókòó díẹ̀."

Mo tú u. Nígbà tí mo gbé e sójú fèrèsé, mo rí i pé áyọ́ọ̀nù mi ò pa ihò tí abẹ́rẹ́ Ẹ̀gbọ́n ti lu rẹ́. Wọ́n ṣì tò, mọ́kànlá sí ínǹṣì kan. Mi ò mú téèpù. Ọwọ́ ni mo fi rán an, mo ń ki abẹ́rẹ́ bọ ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi apá nu ojú kí omi má baà kán sára aṣọ funfun.

Aunty tún un wọ̀. Wọ́n yí síwá, wọ́n yí sẹ́yìn níwájú dígí.

"Ẹn-ẹ́n! Ọwọ́ Daddy gan-an nìyí."