Lẹ́tà Nípa Ògiri Kíláàsì

Ọdún kọkànlélógún rèé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà àti àròkọ. "Tíṣà Bírò Pupa" ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, ó sì mọ̀. Àṣìṣe kan kì í bọ́ lójú ẹ̀. Èmi àbúrò ẹ̀ gan-an, tí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, á kọ́kọ́ tún un ṣe kó tó fèsì. Ẹ gbà mí o!

Lọ́dún yìí, àròkọ "Ọ̀rẹ́ mi àtàtà" sú u. Ó ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn mú ìṣòro tòótọ́ kan wá, kí wọ́n wádìí ẹ̀, kí wọ́n wá ojútùú sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá tọ́ka sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ògiri náà ti sán látòkè délẹ̀.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn dẹ́yìn. Àwọn ọmọ ń fi rúlà wọn ojú ibi tó sán láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ kìíní, bírò ò lè wọ inú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ìka ọmọ ń wọ inú ẹ̀. Wọ́n pe bíríkìlà kan tó ń kọ́lé lódìkejì títì. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ wọlé. Ó gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbí o."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ̀rí nìyẹn."

Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì náà. Níbo ni wọ́n fẹ́ sún sí?

Lẹ́tà ọmọbìnrin yẹn ló dáa jù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ògiri yìí máa wó. Ẹ̀rù ń bà wá gan-an." Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ìbẹ̀rù ti pọ̀ jù. Tún un kọ."

Nílé ìdáná ẹ̀ ni mo ti bi í bóyá ó ti mú lẹ́tà náà lọ fún ọ̀gá.

"Lẹ́tà tó rí wúruwùru báyìí? Kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Tí àwọn ọmọ bá dà á kọ tán, lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa mú un lọ."

Ó ṣe mí bíi kí n pariwo mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, mo bá panu mọ́. Mi ò tíì dárí ji ara mi.

Ọjọ́bọ̀ ni ògiri wó, níbi tí wọ́n ti ń da lẹ́tà náà kọ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn ló wó lù; àwọn tó kù ráyè sá jáde.

Ní ọsibítù, wọ́n ti di ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì. Ìyá ẹ̀ dúró tì í. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ lanu.

"Mà, kí ni ọ̀gá sọ nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà mi?"

Ìyá ẹ̀ náà yíjú sí wa, ó ń dúró de èsì. Èmi ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì ẹ̀ dání. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú ẹ̀.