Ẹnu Ọ̀nà tí Ìyá Ẹ́sítérì Dúró Sí

Àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá sun tùràrí nínú pálọ̀ mi. Wọn ò mọ̀ pé òórùn yẹn ò bá mi lára mu. Bí èéfín rẹ̀ ṣe ń gba ara kọ́tìnnì lọ sókè ni mo ti kúrò láàárín wọn, mo ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá tó wọ aṣọ funfun, tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbóná, lójú ọ̀nà tó ti Àpòmù lọ sí Ìkirè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ògiri alámọ̀ ni, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Wòlíì Ajíbádé tó dá a sílẹ̀, káfíńtà ni, òun fúnra rẹ̀ ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Ọ̀kan wà níta, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ara wọn ò mọ́ máa ń jókòó: obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan òkú. Àwa ọmọdé ò tíì mọ ohun tí nǹkan oṣù jẹ́, ṣùgbọ́n a mọ ti gbogbo obìnrin ìjọ. "Ó ti tún kan Ìyá Túndé o," Ẹ́sítérì ọ̀rẹ́ mi á sọ ọ́ sí mi létí nígbà tí orin bá ń lọ, àwa méjèèjì á fọwọ́ bo ẹnu.

Ìwé òfin àwọn Júù àtijọ́ ni Wòlíì fẹ́ràn jù. Ó mọ ẹran tí wọn kì í jẹ, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ilé tí àrùn bá mú ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ni ìríra ìsọdahoro tí Dáníẹ́lì rí, ohun àìmọ́ kan tí wọ́n á gbé kalẹ̀ sí ibi mímọ́, tí Ọlọ́run á fi kẹ̀yìn sí ilé náà, tí kò ní sí ẹni tí á máa sìn níbẹ̀ mọ́. Èmi rò pé ẹranko ni. Ẹ́sítérì ní rárá, ó ní ènìyàn ni, ó ga bí òpó iná. Lọ́jọ́ tí òbúkọ Bàbá Lásún já wọlé nígbà àdúrà, àwa méjèèjì la kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé jáde.

Ọdún tí iná jó oko kòkó, 1983, ni ibà dá Ẹ́sítérì dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò rẹ̀ ni. Ká ní ọkùnrin ni, ogójì ọjọ́ ni ì bá lò níta. Obìnrin ló bí, ọgọ́rin ọjọ́ ni, kò sì tíì lò tó ìdajì. Bàbá Ẹ́sítérì wà lóko ní apá Wásinmi, ó ń wá ohun tí iná ṣẹ́kù. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ́ ẹní fún un níwájú pẹpẹ, wọ́n ń fún un lómi àdúrà mu.

Ìyá rẹ̀ ò lọ sábẹ́ igi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tòun ti ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì, kò sì kọjá ibẹ̀. Ẹ́sítérì ń pè é. Kò pariwo, ó kàn ń pè é bí ìgbà tó bá fẹ́ kó bá òun gbé omi rù: "Màámi, ẹ wá." Ìyá rẹ̀ á dáhùn pé òun nìyí, kó máa wo òun. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, mò ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀, nítorí ara tèmi mọ́.

Ìyá Kàmọ́rù, Mùsùlùmí tó ń dín dòdò lódìkejì títì, fi agbada rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó wọlé gbé ọmọ rẹ̀, kí àwọn wá mọ́tò lọ sí ọsibítù ní Gbọ̀ngán. Wòlíì gbọ́, kò bínú.

"Tó o bá wọlé báyìí, Ẹ̀mí Mímọ́ á jáde," ó sọ fún ìyá náà. "Ta ló máa wá wo ọmọ rẹ sàn?"

Ẹ má rò pé ìkà ènìyàn ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó gbà á gbọ́, ìyá náà sì gbà á gbọ́. Kí ọmọ rẹ̀ lè yè ló ṣe dúró síta.

Kí wọ́n tó pe ìrun alásàárì ní mọ́sálásí, Ẹ́sítérì dákẹ́. Mo rò pé ó sùn ni. Ìyá Àdúrà, olórí àwọn obìnrin ìjọ, bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fà mí lápá kúrò níbẹ̀, òun náà sì fà sẹ́yìn. Gbogbo wọn fà sẹ́yìn títí wọ́n fi kan ògiri. Òkú wà níwájú pẹpẹ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àdúrà rántí pé ẹnì kan wà tí ara rẹ̀ ò kúkú mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Ẹ́sítérì," ó ní, "ẹ lè wọlé báyìí. Ẹ wá gbé e."

Ìyá náà tú ọmọ tuntun lẹ́yìn, ó gbé e fún Ìyá Kàmọ́rù. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn Ẹ́sítérì, ó gbá ọ̀já mọ́ ọn dáadáa. Èmi àti Ìyá Kàmọ́rù tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà, Ìyá Ṣadé tó ń ti oko bọ̀ rí ẹsẹ̀ Ẹ́sítérì tó ń fì sísàlẹ̀, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Àgbàyà, wọ́n ṣì ń pọ̀n ẹ́? Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì ń lọ.

Ìyá Kàmọ́rù àti àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ara ta ló mọ́. Nígbà tó yá, Wòlíì gbé omi ìwẹ̀nùmọ́ wá láti wọ́n ọn sí ìyá náà lára. Kò ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọ́n fi omi iyọ̀ fọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n da lọ́fínńdà sí i. Síbẹ̀ ìdílé Bàbá Lásún ò wá mọ́, ti Ìyá Túndé tẹ̀ lé e. Ìyá Àdúrà gan-an kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo fi jáde ìwé mẹ́fà, Wòlíì nìkan ló kù, tó ń kan bẹ́ǹṣì tí kò sẹ́ni tó máa jókòó lé e. Oko gbágùúdá ni ibẹ̀ báyìí.

Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò lè sọ ohun tí Dáníẹ́lì rí fún yín. Àwọn tó kàwé á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀rọ̀ tó sọ ilé tiwa dahoro, "ẹ lè wọlé báyìí," mo sì mọ ẹnu tó ti jáde. Lónìí, obìnrin ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá wù ú, ọ̀pọ̀ ọmọ ò tiẹ̀ gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe wà rí. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ikú ọmọ nìkan ni kò yí padà.

Lọ́jọ́ kejì tí àwọn onítùràrí lọ, Ìyá Ẹ́sítérì wá. Ó ti darúgbó gan-an, ọmọ tuntun ọjọ́sí ló dì í lọ́wọ́ mú wọlé. Kò gbàdúrà, kò ní kí n má sunkún. Ó jókòó tì mí, ó bèèrè nípa Bùnmi, ọmọ mi tó lọ.

"Ṣé o wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Mo ní mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ọwọ́ mi ló kú sí.

Ó di ọwọ́ yẹn mú, ó gbé e lé itan ara rẹ̀.

"Ó gbọ́ ohùn rẹ nítòsí," ó ní. "Di ìyẹn mú ṣinṣin."