Apá Òsì Bọ́ọ̀dù

Ràímì Àkànní, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mojò, ọmọ tí ìjàkadì jẹ́ orò ilé wọn, bíríkìlà tó mọ ògiri láti Igbó Ẹfọ̀n dé Ṣàngótẹ̀dó, baba Sikírá, ọ̀rẹ́ mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Kí ẹni tó bá rí àṣìṣe bá mi fojú fò ó.

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń fẹ ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì lójú ní Ajah, tí eruku rẹ̀ ń bá wa jẹun nínú àwo. Káfíńtà ni mí nígbà náà. Èmi ni mo ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí, Ràímì ló ń to búlọ́ọ̀kù lé e. Ilé alájà mẹ́ta kan ni a jọ ń kọ́ lójú ọ̀nà Addo. Ní ọ̀kánkán rẹ̀ ni àtíbàbà Sùlé tó ń lẹ táyà wà, ibẹ̀ ni a sì ti ń ta dráàfù bí a bá ti kírun Àyìlá tán. Ìdérí ìgò ni a fi ṣe ọmọ rẹ̀: ẹnì kan á da tirẹ̀ dé, ẹnì kejì á ṣí tirẹ̀ sókè.

Kò sí ẹni tí kò borí mi lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Òpè ni wọ́n ń pè mí, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé bí wọ́n bá pe Làmídì, n kì í tètè dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ráyè wo ọwọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́. Sùlé kì í kánjú. Kì í fọwọ́ kan ìlà ẹ̀yìn rẹ̀, á kàn máa sún ọmọ kan díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi sú ọ, tí wàá fúnra rẹ ko sí wàhálà. Tàjù tó ń wa típà kò ní sùúrù rárá. Bí o bá jẹ ọ̀kan, ó fẹ́ jẹ méjì lójú ẹsẹ̀, á sì gbá ọmọ mọ́ bọ́ọ̀dù tí tíì inú ife á fi dànù. Ìdẹ ni ti Ràímì. Á fi ọmọ kan sílẹ̀ gbalaja bí ẹni tó gbàgbé, bí o bá jẹ ẹ́, á jẹ mẹ́ta, á sì wọlé ọba ní ìlà ẹ̀yìn rẹ. Bí ó bá sì ti ń dẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Jẹ ẹ́ ná, ṣé o ń gbààwẹ̀ ni?" Á wá máa yí fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì kà á sí ọgbọ́n ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ kí n borí ẹnì kankan rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràímì àti Sùlé ń ta. Ràímì fi ọmọ kan sílẹ̀ lófìfo ní apá òsì rẹ̀, létí bọ́ọ̀dù. Sùlé wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Ọ̀fà, o tún gbé e dé. N ò jẹ."

Ó sún òmíràn. Ọmọ rẹ̀ méjì wá ṣí sílẹ̀ fún Ràímì, lápá òsì yẹn kan náà. Ràímì kò jẹ. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó yẹ kó jẹ tí kò jẹ, ẹnì kejì lè mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Ràímì kò mú ti Sùlé, Sùlé náà kò jẹ́ mú tirẹ̀. Ẹ̀rù ìdẹ ń bà á.

"Ó kàn ọ́ lónìí, Ràímì," Tàjù wí. "Ṣé o ń gbààwẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ràímì kò sọ̀rọ̀, kò yí fìlà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan bí nǹkan tí ẹlòmíì gbé síbẹ̀. Tíì rẹ̀ wà lápá òsì, ó ti tutù, eṣinṣin ń rìn lẹ́nu ife. Èyí kì í ṣe ìdẹ. Kò rí apá ibẹ̀ ni.

Fọ́ọ̀máànù ké láti òkè pé kí bíríkìlà máa bọ̀. Àjà kẹta ni iṣẹ́ wà, lórí pákó tí èmi fúnra mi so, tí kò sí nǹkan ìdìmú lápá òsì rẹ̀. Ta ló máa gba òpè gbọ́? Mo ti Sùlé kúrò lórí bẹ́ńṣì, mo jókòó.

"Ràímì, jẹ́ ká ta ọ̀kan kó o tó gòkè."

"Ìwọ? N ò ráyè eré ọmọdé."

"Àbí ẹ̀rù mi ń bà ọ́?"

Ó jókòó. Mo darí gbogbo ọmọ mi gba apá òsì rẹ̀. Mo wọlé ọba, kò wò ó. Mo tún wọlé ọba. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo fẹ́ẹ́ borí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí Ràímì jẹ mí.

"Ràímì, níbo ni ọba mi wà?"

Ó wo bọ́ọ̀dù títí. "Ọba wo? O ń lálàá." Ẹnu rẹ̀ ti ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, ó dìde, ó ṣubú lu Tàjù. Típà ni a fi gbé e lọ sí ọsibítù, a gba orí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sójú ọ̀nà. Mo gbé orí rẹ̀ sí itan mi, n kò jẹ́ ṣẹ́jú, bíi pé bí mo bá ṣẹ́jú ni yóò lọ.

Kò lọ. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì yẹn kò gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, ojú rẹ̀ lápá òsì kò sì padà bọ̀ sípò tán, ṣùgbọ́n ó padà sídìí bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà, ó di àṣà lábẹ́ àtíbàbà Sùlé pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ Ràímì lápá òsì gbọ́dọ̀ fi ìka lu pákó bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, kó lè yíjú wò ó. Àlejò tó bá ti Ṣàngótẹ̀dó wá pàápàá, a ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ràímì wá ń fi apá òsì náà dẹ̀kùn fún wa. A kì í mọ èyí tó jẹ́ ìdẹ àti èyí tí ojú rẹ̀ kò rí, ó sì ń jẹ wá bó ṣe wù ú. Àwọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi, bí mo bá ti dé, fìlà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò bóyá ó ń yí i. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò kúrò lára mi.

Sùlé ti lọ, Tàjù ti lọ, ìsọ̀ fóònù ló wà níbi tí àtíbàbà wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Ràímì nílé, fìlà rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, kò nawọ́ sí i. Mo ti mọ̀ kí Sikírá tó pè mí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nínú sàréè, kó lè kọjú sí Gábàsì, apá òsì rẹ̀ wá wà lókè. Nígbà tí wọ́n to pákó lé e tán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka lu pákó náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni a sin ín, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní Addo.