Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ti Di Ẹnjiníà Díìṣì

Ẹ gbà mí o, wọ́n fẹ́ pa mí ní Peckham, ní London níbí, lónìí!

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, TV ò mú nǹkan kan. Wọ́n ní kí n má pe ẹni tó ń tún díìṣì ṣe, àwọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnjiníà wa!

Third floor la wà o. Wọ́n gun orí àga ní balcony, wọ́n na gbogbo ara kọjá irin, wọ́n ń fi sípánà yí díìṣì. Èmi pọn ọmọ, mò ń ka nọ́ńbà signal lórí TV fún wọn.

"Ìyàwó, ó ti di mélòó?"

"12 ni, sà."

"Báyìí ńkọ́?"

"12 náà ni, sà."

Ni wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí àga. Àyà mi já! Tí mo bá ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní ìyàwó yìí ò lẹ́kọ̀ọ́.

Mo kàn pariwo ni: "Ó ti di 80! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, sà, ẹ máa bọ̀!"

Wọ́n wọlé, wọ́n ń yangàn. TV ò tíì mú nǹkan kan. Signal ṣì wà ní 12.

"Ìyàwó, 80 ni mo fi sílẹ̀. Kí lo fọwọ́ kàn?"

"Bóyá atẹ́gùn ni, sà."

Wọ́n ní àwọn á tún gun àga náà lọ́la. Ó dáa náà. Sípánà wọn ti wà nínú báàgì ìlédìí ọmọ mi.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ ò ní parọ́?