Àga Ọ̀gá Lẹ́yìn Sáfà

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024. Ooru yàrá sáfà: ìwọ̀n mọ́kànlélógójì.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkàrẹ́ ni. Sáfà ni ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wọn. Nígbà tó gbóná títí tó fi kú, dókítà ò mọ oògùn tí ẹnikẹ́ni ń lò mọ́, èrò sì kún ìta. Ọ̀gá Zacchaeus, alákòóso ibẹ̀, ránṣẹ́ pe Memunat tó ń tọ́jú yàrá ẹ̀rọ náà.

"Bó bá tún kú pẹ́nrẹ́n, máa lọ sí Ọ̀kà yín."

Ohun tí ọ̀gá ò sọ ni pé yàrá yẹn nìkan ni amúlétutù kì í ti í sinmi, pé ibẹ̀ lòun ti ń sùn lọ́sàn-án, àti pé àga tìmùtìmù òun pẹ̀lú kéréètì mínírà òun ló dí iwájú ẹ̀rọ. Àwọn àlejò rẹ̀ náà ń wọlé wá gbatẹ́gùn. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ Ọ̀kà ni Memunat lóòótọ́. Ìdí ààrò tí ìyá rẹ̀ ti ń yan gàrí ló dàgbà sí. Àwọn kan a máa wá jókòó síbẹ̀, wọn ò ní í lọ, wọn ò sì ní í ra gàrí. A kì í lé àlejò. Àga là ń fún un. Memunat a gbé àpótí síbi tí èéfín ń fẹ́ sí, a kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ jókòó, mà." Kò sẹ́ni tó pẹ́ lórí àpótí yẹn rí. Lẹ́yìn èyí ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Àkùngbá.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó kéréètì jáde. Ó ta ọ̀rá tó nípọn láti àjà dé ilẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì ẹ̀rọ, kí ooru ẹ̀yìn má baà yí padà síwájú. Ó de fáànù mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn láti máa fa ooru síta. Ó wá gbé àga ọ̀gá sẹ́yìn ọ̀rá, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e.

Ọ̀gá jẹun ọ̀sán tán, ó dé.

"Àga mi dà?"

"Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, sà. Ẹni ńlá kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Inú rẹ̀ dùn. Ó wọlé, ó nasẹ̀. Láìpẹ́, ó pariwo.

"Memunat! Ta ló ń se ẹ̀wà níbí?"

"Èémí ẹ̀rọ ni, sà. Iwájú ló ti ń mí sínú, ẹ̀yìn ló ti ń mí síta. Ṣé kí n dá àga yín padà síwájú? Ẹ óò kàn dí i nímú ni. Bó bá wá kú, ẹ ṣáà ti ní kí n máa lọ sí Ọ̀kà."

Ọ̀gá wò ó. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó dìde, ó lọ.

Sáfà ò kú mọ́. Memunat ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí onílé ìwòsàn wá wo yàrá náà, Ọ̀gá Zacchaeus na ọwọ́ sí ọ̀rá, ó ní òun lòun ronú ẹ̀. Memunat fa àga tìmùtìmù sún mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

"Ẹ jókòó, sà, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn dáadáa."

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń ka èyí, tí àga yín wà níbi tí ẹ ò níṣẹ́ ṣe: ẹ dìde. Ẹ gbé e jáde lónìí, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn.