Iná Tó Ń Bọ́ Ojú Awọnlẹ̀

Ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Awọnlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Ẹ̀rọ ìṣirò kan kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ ní gbogbo ìṣirò iṣẹ́ rẹ̀, ìka sì ti pa nọ́ńbà orí bọ́tìnnì rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń tún rédíò ṣe ní yàrá iwájú, èmi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn sì ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún àwọn èèyàn ní igun yàrá kan náà. Títí dòní, bí mo bá rántí yàrá yẹn, òórùn lẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbọ́n mi ń yọ́ fi lẹ wáyà ló kọ́kọ́ máa ń dé sí mi nímú.

Ojú Awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, ó ka ẹẹ́ta sí ẹẹ́jọ lójú ẹ̀rọ náà, ó sì ya ògiri oníbàárà kan wọ àárín ilé aládùúgbò. Orí pépà lásán ni, àmọ́ ó ká a lára. Ó ká gbogbo ìwé rẹ̀ jọ.

Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ yá mi ní ẹ̀rọ yẹn."

Ihò dúdú kékeré kan wà lórí ẹ̀rọ náà tí ìtànṣán tí ojú ò lè rí ń gbà jáde, irú èyí tó wà nínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Òun ni wọ́n fi ń rán nọ́ńbà sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ní bó bá lè bá pépà sọ̀rọ̀, á bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ó yọ ojú tó ń gba ìtànṣán lára tẹlifíṣọ̀n tó ti kú, ó jó o mọ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn, ó kó wọn sínú ike ọṣẹ. Èmi kọ ètò tó ń gbé nọ́ńbà jáde gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà.

Ó ṣiṣẹ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni iná tí ike ọṣẹ náà ń jẹ. Bátìrì la fi sí i, Awọnlẹ̀ kì í sì í rántí pa á. Bó bá dàárọ̀, bátìrì ti kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Tiwa rèé, ojoojúmọ́ ló ń tán."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ iná ògiri."

"Iná tó ń fò sókè sódò yẹn? Ṣé o fẹ́ jó kọ̀ǹpútà ẹ ni?"

Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ló padà yíjú sí, níbi tí wáyà tó ń gbé nọ́ńbà wọlé so mọ́. Ó fa iná díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò tó. Àmì tí kò nítumọ̀ ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá rí i pé alájẹkì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ike náà. Ó fi èyí tí kì í jẹ púpọ̀ rọ́pò rẹ̀, ó fa wáyà kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì fi ẹ̀yà kan sí i tó ń gba iná náà pamọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìkòkò tí wọ́n gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀.

Awọnlẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà tò síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

Ó ní, "Ẹẹ́ta nìyí. Ẹẹ́ta gedegbe." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ rọra nù ún o, ọkọ mi. Ìwọ̀nba èyí tó kù la ń tọ́jú."

Ọ̀pọ̀ ọdún ló tún fi ṣiṣẹ́ kí ojú náà tó kú pátápátá. Ó wá ń jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣa ìṣó kéékèèké àti wáyà fún un, wọ́n á sì jọ máa jiyàn lórí ohun tí rédíò bá sọ. Mi ò rí yàrá tó dùn ún gbé tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn gbẹ̀yìn, Awọnlẹ̀ bi mí bí ilẹ̀ tí mo fẹ́ kọ́lé sí ṣe gùn tó, àti bó ṣe fẹ̀ tó. Mo sọ ọ́. Ó fi ìka ṣírò lórí itan rẹ̀, ó ní kí n yí ẹnu ọ̀nà sápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí àyè lè kù fún ẹ̀gbọ́n àti ọkọ ẹ̀gbọ́n tó bá fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Ẹ sọ oṣù méjì fún un."